Tòmátì Inú Rọ́bà Ọ̀dà

Bàbá mi kò wá sí Ọ̀yọ́ torí àtigbin nǹkan. Èmi ni mo lọ gbé wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ń kùn, mo ń kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀. Wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀ ilé wọn, apá ọ̀tún sì kán. Ìyá mi ti di ẹni Ọlọ́run nígbà yẹn, Bàbá nìkan ló kù nínú yàrá mẹ́ta tí wọ́n kọ́ sí tòsí Ọjà Igbó. Àárọ̀ ni wọ́n ṣubú. Ó di ọ̀sán kí ìyá tó ń gbé ní ọ̀kánkán wọn tó gbọ́ pé ẹnì kan ń pe òun. Àárọ̀ sí ọ̀sán yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo lè wà nínú kíláàsì tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kí ọkàn mi ṣàdéédé lọ síbẹ̀, màá rí bàbá mi lórí sìmẹ́ǹtì tútù, omi á sì lé ròrò sí mi lójú.

Nítorí náà, mo ti pinnu. Bàbá kò tún ní dá gbé mọ́. Yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀ wa tí ó ṣófo, ọkọ mi sì fẹ́ràn wọn gan-an, torí àwọn méjèèjì jọ máa ń gbọ́ rédíò, wọ́n á sì jọ máa bá rédíò jà. Ṣùgbọ́n Bàbá náà ti pinnu tiwọn. Ọjọ́ tí a dé Ọ̀yọ́ gan-an ni wọ́n sọ ọ́, wọn ò tíì jókòó dáadáa.

"Tíṣà, bí apá yìí bá ti san, mò ń lọ sílé mi o."

Tíṣà ni wọ́n máa ń pè mí bí mo bá ti ń pàṣẹ jù. Láàárín oṣù tí mò ń sọ yìí, ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ mí.

Télọ̀ ni bàbá mi. Bí ẹ bá mọ télọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́, ẹ ó mọ ohun tí ojú mi rí. Kò sí aṣọ tí mo wọ̀ jáde tí wọn ò fa etí rẹ̀ wò. Wọ́n ní ẹni tó rán kọ́tìnì pálọ̀ mi, oorun ló ń kùn ún. Wọ́n ní kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi ń wo ọ̀run. Nígbà tí kò sí aṣọ mọ́, wọ́n á jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n á máa wo àgbàlá wa, tí sìmẹ́ǹtì bo gbogbo rẹ̀ àfi ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju gbogbo àríwísí wọn lọ.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí ọkọ mi fi lọ ṣe iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, tó sì ra abọ́ tòmátì kan bọ̀ láti ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá tó wà níbẹ̀. Tòmátì náà pupa, ó ń dán, kò sì tóbi ju iyeyè lọ. Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá wò wọ́n títí.

"Tòmátì ni ẹ̀ ń jẹ láìsè yẹn?"

"Ó dùn, Bàbá Àgbà. Ó swéétì gan-an. Ẹ tọ́ ọ wò."

Wọ́n ṣe bisimillahi, wọ́n gé e jẹ. Omi rẹ̀ ta sí irùngbọ̀n wọn. Wọ́n pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rù tilẹ̀ bà mí.

"Èyí kì í ṣe tòmátì," wọ́n ní. "Tòmátì tó bá mọ̀ pé inú ọbẹ̀ ni òun ń lọ kì í dùn báyìí."

Wọ́n gba èyí tó kù lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n fi àtàǹpàkò òsì fún kóró inú rẹ̀ sórí àwo, wọ́n sì ní kí n bu eérú wá. Níbo ni n ó ti rí eérú? Gáàsì ni mo fi ń dáná. Mo jáde lọ bá ìyá alákàrà tó wà ní ẹnu títì wa. Ó bu eérú fún mi sínú ọ̀rá, ó sì béèrè bóyá ọṣẹ ni mo fẹ́ ṣe. Bàbá pò ó pọ̀ mọ́ kóró náà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bébà níbi tí oòrùn ti ń wọ fèrèsé wọn. Ní gbogbo ọjọ́ náà, wọn ò rántí kọ́tìnì mi.

Nígbà tí kóró náà gbẹ, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ hàn wọ́n pé ilẹ̀ ṣì kù níbẹ̀, pé kí wọ́n jẹ́ ká tú u. Wọ́n mi orí.

"Rárá o. Bí mo bá gbìn ín sílẹ̀, tí mo bá ń lọ ńkọ́? Inú rọ́bà ni n ó gbìn ín sí. Ọjọ́ tí mo bá ń lọ, mò ń gbé e lọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo lọ kó rọ́bà ọ̀dà tó ṣófo jọ, èyí tó kù láti ìgbà tí a kun ilé, mo fọ̀ wọ́n.

Inú agolo mílíìkì ni Bàbá kọ́kọ́ da kóró sí kí ó hù. Apá san kí tòmátì tó hù. Ọjọ́ tí dókítà tú ohun tó fi di apá náà, tó ní kí wọ́n ká a, kí wọ́n nà án, tó sì ń rẹ́rìn-ín pé ó ti dára, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n lọ bá wọn di ẹrù. Nígbà tí a délé, wọ́n kọjá lọ sí ibi tí agolo wà. Nǹkan wẹ́wẹ́ ti yọ nínú rẹ̀, ewé méjì-méjì, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́.

"Àwọn wọ̀nyí ò tíì lè wọ ọkọ̀," wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ná."

Mo rọra wọ ilé ìdáná lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì jó. Mo jó láìsí orin. Ọkọ mi wọlé bá mi níbẹ̀, ó kàn yí padà jáde.

Láti ọjọ́ náà ni tòmátì ti di nǹkan mi. Mo wa ilẹ̀dú nídìí máńgòrò ilé ẹ̀kọ́ wa, mo tọrọ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń sin adìyẹ. Ó yẹ kí ẹ rí mi nínú kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, èmi tíṣà, pẹ̀lú gèlè lórí, àpò ìgbẹ́ adìyẹ láàárín ẹsẹ̀ mi. Àwọn èrò yòókù fi aṣọ bo imú. Awakọ̀ ń wò mí nínú dígí bí ẹni tó fẹ́ ní kí n sọ̀, ṣùgbọ́n ojú mi kò gbà á láyè.

Bàbá ṣí wọn láti inú agolo sínú rọ́bà. Wọ́n ṣe é bí iṣẹ́ télọ̀. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn àyà àti ìbàdí èèyàn ni wọ́n fi ń wọn gíga tòmátì ní àràárọ̀. Wọ́n ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi àjákù áńkárá so wọ́n mọ́ igi, kókó tó rọrùn tí kò ní gé ọrùn wọn. Ní àgbàlá mi, tòmátì ń wọ aṣọ aláràbarà. Bí aládùúgbò bá yọjú wo ìta, á rẹ́rìn-ín, Bàbá á sì máa ṣàlàyé fún un. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà yẹn. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara mi jẹ pé wọ́n ti gbàgbé Ògbómọ̀ṣọ́.

Lẹ́yìn náà ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, tó sì já. Lẹ́yìn èyí, àwọn òkè náà sorí kọ́. Ọyẹ́ ló dé, gbogbo wa sì gbà pé òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n. Ọkọ mi ní ooru sìmẹ́ǹtì ni. Àwọn ọmọ ní wọ́n ń ṣàárò Ìbàdàn. Bàbá tún padà sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n jókòó, wọ́n dákẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ojú mi là sí ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Bí tòmátì bá kú, Bàbá á lọ, torí kò sí ohun tí wọ́n ń dúró dè mọ́. Bí ó bá sì yè tó so, wọ́n á lọ náà, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà jàre. Síbẹ̀, mo fẹ́ kó yè. Ó kéré tán, èyí tó máa so á gba àsìkò díẹ̀ sí i. Ní àràárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, màá yọ́ bu ife omi kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ mi fẹ́ gbé ọ̀kan nínú rọ́bà náà lọ sábẹ́ ìbòji ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó fà á, kò mì. Ó tún fà á, ó dà nù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Omi dúdú ló tú jáde, òórùn rẹ̀ sì lé àwọn ọmọ wọ inú ilé. Gbòǹgbò tòmátì ti rà.

Bàbá dìde. "Ta ló ń bu omi sí i?"

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Omi kànga wa ti lọ sílẹ̀ torí ọ̀gbẹlẹ̀, Bàbá fúnra wọn sì ti ń gbé bútà wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tòmátì bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, kí omi má baà ṣòfò. Ọkọ mi rí wọn, ó rò pé ohun tó dára ni, pé lááda á tún wà níbẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ rí bàbá wọn, àwọn náà tẹ̀ lé e. Láti àsùbáà títí dé ìṣáì, kò sí ìrun tí wọn kò ṣe àlùwàlá rẹ̀ sórí tòmátì, kálukú sì rò pé omi tòun kò lè pọ̀ jù. Ẹ tún wá fi ife omi tèmi kún un. Rọ́bà náà kò sì ní ihò kankan nísàlẹ̀, torí nígbà tí mo fẹ́ lu wọ́n, Bàbá ló ní, "Rọ́bà tó dáa báyìí, o fẹ́ bà á jẹ́?"

Bàbá wo omi dúdú náà. Wọ́n wo gbogbo wa, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Subuhánàllàhì," wọ́n ní. "A ti fi àlùwàlá pa á."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé ọkọ mi. Kí n tó mọ̀, èmi náà ti di ògiri mú. Bàbá gbìyànjú láti fajú ro, kò ṣeé ṣe, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn. Ìgbà ayé ìyá mi ni.

A fi irin gbígbóná lu ìsàlẹ̀ gbogbo rọ́bà. Bàbá da ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ nù, wọ́n sì fi tuntun sí i. Mo dúró tì wọ́n, mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń gbé ilẹ̀ náà, ọwọ́ tó kán, wọn ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Díẹ̀ kú nínú tòmátì náà. Àwọn tó kù tún gbórí sókè. Bàbá wá ṣe òfin: àlùwàlá àsùbáà nìkan ni tòmátì, tiwọn nìkan sì ni. Kí ẹni tó bá ń wá lááda lọ wá a lẹ́sẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi ní òfin náà kò bójú mu, pé àna òun ti gba ọ̀run mọ́ òun lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, òdòdó yẹ́lò yọ, lẹ́yìn òdòdó ni èso. Ó kọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, ó wá ń funfun díẹ̀díẹ̀, ó pọ́n láti ìdí. Wọ́n so gan-an, wọ́n rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí ẹ̀ka kan náà. Àkọ́kọ́ tó pọ́n, Bàbá já a, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọ̀bẹ gé e sí wẹ́wẹ́, a pín in jẹ láàárín gbogbo ilé. Ohun tó kàn mí kò ju èékánná lọ. Ó dùn, ó ní ìkan díẹ̀ lẹ́yìn, mo sì ń fi ahọ́n wá a kiri nínú eyín mi. Obìnrin tó ń gbé ní ilé kejì wá tọrọ ìwọ̀nba tí òun máa lọ̀ mọ́ ata. Bàbá dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó má bínú, pé àwọn wọ̀nyí kì í wọ inú ìkòkò. Wọ́n fún un ní èyí tó máa jẹ lórí ìdúró.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí wọ́n ti mọ́sáláṣí dé, ni wọ́n pè mí.

"Tíṣà, wọ́n ti so. Jẹ́ kí n máa lọ sílé ní ọ̀la."

Ó ti ń bọ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́, síbẹ̀ inú bí mi. Mo sọ̀rọ̀ bí kò ṣe yẹ kí ọmọ máa bá bàbá sọ̀rọ̀. Mo ní ṣé wọ́n ti gbàgbé sìmẹ́ǹtì yẹn ni, ṣé wọ́n fẹ́ kí aládùúgbò tún pè mí lórí fóònù pé wọ́n ti ṣubú ni, kí sì ni mo ṣe tí kò dára fún wọn nínú ilé mi. Lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún. Bàbá jẹ́ kí n sunkún tẹ́rùn. Wọn ò bá mi wí.

"Kò sí ohun tó o ṣe tí kò dáa," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n níbí, èmi ni gbogbo yín ń tọ́jú. Lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn ń wá bá mi. Ẹni tó ń bá ìyàwó jà á wá, ẹni tó fẹ́ sọmọ lórúkọ á wá. Mi ò tíì ṣetán àtidi ẹrù."

Mo fẹ́ sọ pé wọn kì í ṣe ẹrù sí mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Mo nu ojú mi, mo sì ní ọ̀la kò ṣeé ṣe. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni mo rán bíríkìlà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ha ilẹ̀ balùwẹ̀ náà kó má yọ̀ mọ́, ó sì ri irin mọ́ ògiri tí ọwọ́ lè dì mú. Mo pe ìyá ọ̀kánkán lórí fóònù. Ó ṣèlérí pé òun á máa yọjú sí wọn láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ìrìn àjò náà kò ṣeé gbàgbé. Bàbá jókòó síwájú pẹ̀lú ọkọ mi. Àwọn rọ́bà kan wà nínú búùtù tí a kò lè tì, ìyókù wà lẹ́yìn pẹ̀lú èmi àti àwọn ọmọ, ọ̀kan sì wà lórí itan mi. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sínú kòtò, ewé tòmátì á wọ mi lẹ́nu, Bàbá á sì ké láti iwájú pé kí n rọra gbá a mọ́ra. Wọn ò béèrè bí èmi ṣe wà. Nígbà tí a dé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti ń na ọrùn wo ìta, wọ́n ń sọ ṣọ́ọ̀bù ta ni èyí, èyí ti yí ọ̀dà padà, ohùn wọn ti lọ sókè. Mo rí ẹ̀yìn orí wọn níwájú mi, ìfẹ́ wọn gbà mí lọ́kàn débi pé mi ò lè bínú mọ́.

A kò tíì já ẹrù tán tí àgbàlá fi kún. "Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Télọ̀! Ẹ kú ìrìn o! A ò rí i yín ọjọ́ mẹ́ta!" Àwọn kan ń dọ̀bálẹ̀, àwọn kan ń gbé rọ́bà. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ sí balùwẹ̀ láti wo iṣẹ́ bíríkìlà. Mo fi bàtà ha ilẹ̀, kò yọ̀. Mo di irin ara ògiri mú, mo fi gbogbo agbára mi fà á, kò mì.

Ìbẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohùn ìyá ọ̀kánkán lóde. Ó ń béèrè irú tòmátì tí èyí jẹ́, tó pọ̀ tó báyìí, tó sì lẹ́wà, àti ẹni tó mọ nǹkan í tọ́jú báyìí. Mo dúró de ìdáhùn. Mo ti mọ̀ ọ́n lórí: téèpù, àjákù áńkárá, àti ọjọ́ tí a fi àlùwàlá pa wọ́n.

"Ọmọ mi ni," ni Bàbá wí. "Òun ló gbìn ín. Apá mi ò ṣeé lò nígbà yẹn, gbogbo rẹ̀ pátá, òun ló ṣe é."

N kò gbin ẹyọ kóró kan níbẹ̀. Ìyá náà ń ṣàdúrà fún mi láti ìta, pé àwọn ọmọ tèmi náà á tọ́jú mi, Bàbá sì ń ṣe àmín sókè. Mo di irin náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo dúró níbẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ, kí n tó jáde lọ kí wọn.